Pọ́ǹpù Nínú Àpò Kò Ba Àdúà Jẹ́



Gbogbo àwa tí a ń gbé ilẹ̀ Háúsá la mọ àdúà tí àwọn onílé wa máa ń ṣe fún arìnrìn-àjò: "Allah ya kiyaye hanya", kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ̀nà. A ó ṣe àmín, a ó gun alùpùpù, ó di ọjà abúlé. Lóòótọ́, láti 2013 ni ìjọba Kano ti fòfin de ọ̀kadà akérò nígboro, ṣùgbọ́n lọ́nà oko àti ọjà abúlé, alùpùpù ṣì ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wa. Bí táyà bá wá jò láàrin igbó, tí oòrùn sì ń wọ̀, ìbéèrè dé: ẹni tó ṣe àdúà, tí kò mú pọ́ǹpù dání, ṣé òun ló gbára lé Ọlọ́run jù? Àwọn kan tilẹ̀ ń sọ pé ẹni tó bá ń pèsè sílẹ̀ de ìyọnu, ó ń ránṣẹ́ pè é ni.

Nínú hádíìsì kan tí Imam Tirmidhi gbà wá, ọkùnrin kan bi Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) bóyá kí òun so ràkúnmí òun kí òun sì gbára lé Ọlọ́run, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun sì gbára lé E. Ànábì ní kó so ó ná, kó sì gbára lé Ọlọ́run. Alùpùpù ni ràkúnmí tiwa. Okùn rẹ̀ kò sì pọ̀: túùbù kan tó bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu (17 ni ti Bajaj Boxer), pọ́ǹpù ọwọ́, irin pẹlẹbẹ méjì tí a fi ń yọ táyà, sípánà, sáńpépà, sọ̀lúṣọ̀n àti rọ́bà tí a fi ń lẹ̀ ẹ́. Àpò kan gba gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n irinṣẹ́ láìsí ìmọ̀, ẹrù lásán ni. Bí táyà bá ti jò, kí a má ṣe gùn ún lọ mọ́, torí rẹ́ẹ̀mù yóò gé túùbù jẹ. Kí a tú ẹsẹ̀ náà, kí a fa túùbù yọ, kí a fún un ní atẹ́gùn díẹ̀, kí a fi omi wá ibi tó ti ń hó. Kí a fi sáńpépà ha á, kí a fi sọ̀lúṣọ̀n pa á, kí a sì ní sùúrù títí kò fi ní lẹ̀ mọ́ ọwọ́ mọ́, kí a tó tẹ rọ́bà mọ́ ọn. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kánjú nìyẹn. Kí a tó dá túùbù padà, kí a fi ọwọ́ jẹ́jẹ́ wá inú táyà, nítorí ẹ̀gún tó bá ṣẹ́ síbẹ̀ yóò tún gún un.

Ìbéèrè kejì ló le jù: ta ló ni pọ́ǹpù náà nígbà tí táyà ẹlòmíràn bá jò? Ẹsẹ tó kẹ́yìn nínú Suuratul-Maa'uun, orí 107, bá àwọn tó ń fi ohun kékeré du ẹlòmíràn wí. Ibn Mas'ud, ọ̀kan nínú àwọn sàábé Ànábì, túmọ̀ rẹ̀ sí ohun ìlò tí àwọn ènìyàn ń yá lọ́wọ́ ara wọn, bí àáké, ìkòkò àti korobá. Bí àáké bá wà nínú rẹ̀, pọ́ǹpù kò lè jáde. Túùbù kì í sì í béèrè bóyá Háúsá ni ẹni tó ni ín, tàbí Núpé, tàbí Ìgbò.

Ẹ̀rù wà o, a kò ní purọ́. Lójú ọ̀nà tí àwọn ajínigbé ti ń dáni lọ́nà, n kò ní dá ẹni tí kò dúró níbi tó dá páropáro lẹ́bi. Ṣùgbọ́n àìdúró kì í ṣe àìbìkítà. Kí ó dé abúlé tó kàn, kí ó sọ fún àwọn ọdẹ tàbí fọkanáísà ibẹ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́yìn tó nílò ìrànlọ́wọ́. Ẹ̀yin fọkanáísà wa náà, iṣẹ́ yín tọ́ sí owó, kò sì sẹ́ni tó ní kí ẹ ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ kí iye tí ẹ óò gbà lọ́wọ́ ẹni tí ilẹ̀ ṣú mọ́ má ṣe di ìlọ́po mẹ́ta iye ọ̀sán, nítorí pé kò ní ibòmíràn tó lè lọ.

Ó ku ìṣó tí a fà yọ. Ọ̀pọ̀ wa ni yóò sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí yóò gun alùpùpù rẹ̀ lọ. Hádíìsì Muslim kọ́ wa pé mímú ohun tó lè ni ènìyàn lára kúrò lójú ọ̀nà wà lára ìgbàgbọ́. Nítorí náà, ẹ fi ìṣó náà sínú àpò pẹ̀lú pọ́ǹpù, ó di ilé. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn náà ṣe àdúà kó tó jáde, ó sì lè jẹ́ ọwọ́ yín ni Ọlọ́run fẹ́ fi gbà á.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ wa ní àlọ àti àbọ̀. Àmín.