Ìbẹ̀wò: Oore Ni Tàbí Gbèsè?

 

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò lóṣù yìí ni ọ̀rọ̀ ẹni tí a kì í rí mọ́. Tẹ́lẹ̀, ó máa ń wá sí ìpàdé, ó sì máa ń bá wa kírun Jímọ̀. Nísinsìnyí, ó ti sé ara rẹ̀ mọ́lé. Kíá ni àwọn kan yóò ti sọ pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló rẹ̀. Àwọn mìíràn yóò ní bí àyè bá yọ, àwọn yóò yà kí i. Ìbéèrè wa nìyí: bí a bá lọ bẹ onítọ̀hún wò, ṣé oore ni a ṣe fún un, tàbí gbèsè ni a san?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí àwọn onímọ̀ rí. Ní ọdún 1997, Sheldon Cohen ti Yunifásítì Carnegie Mellon, ní ìlú Pittsburgh ní Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde. Àwọn 276 tí ara wọn le, tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 18 sí 55, ni wọ́n yọ̀ǹda ara wọn. A bi wọ́n léèrè irú àjọṣe tí wọ́n ní: ọkọ tàbí aya, òbí, ọmọ, àna, aládùúgbò, ọ̀rẹ́, ará ibi iṣẹ́, àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe ẹ̀sìn, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Àjọṣe tí kò bá mú ọ̀rọ̀ sísọ wá, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí nínú kíkà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kán kòkòrò ọ̀finkìn sí wọn nímú. Ewu pé ọ̀finkìn yóò mú àwọn tí irú àjọṣe wọn jẹ́ 1 sí 3 tó ìlọ́po 4.2 ti àwọn tí wọ́n ní 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ọdún 1998, wọ́n tún gbé òmíràn jáde lórí másùnmáwo. Ìdààmú tí kò tó oṣù kan kò fi bẹ́ẹ̀ dá ọ̀finkìn sí wọn lára. Èyí tí ó pé oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ó sọ ara di aláìlágbára, pàápàá àìríṣẹ́ṣe àti aáwọ̀ tí kò tán láàrin ẹbí tàbí ọ̀rẹ́. Ta ni nínú àwa ọ̀dọ́ tí kò mọ ẹni tí irú rẹ̀ ń bá jà?

Nílé wa níbí pàápàá, Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, ti lo ọgbọ́n yìí láti ọdún 1954. Dípò kí ó ti àwọn tí ọpọlọ wọn ń ṣàìsàn mọ́ inú yàrá, ó fi wọ́n wọ̀ sílé àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn Aro ká. Ẹbí aláìsàn kan yóò bá a wá, yóò máa se oúnjẹ fún un, aláìsàn yóò sì máa lọ gba ìtọ́jú lọ́wọ́ oníṣègùn. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé ìdánìkanrìn ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Ṣùgbọ́n ìwádìí kò lè dá ìbéèrè wa lóhùn tán. Ó lè sọ pé àjọṣe ń ṣara lóore. Kò lè sọ ẹni tí ó jẹ ẹnìkejì ní gbèsè rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ tìtorí ìlera tiwa nìkan ni a fi ń kí ènìyàn, òwò ni a ń ṣe. Ànábì wa (s.a.w.) ló yanjú rẹ̀, nígbà tí ó ka bíbẹ aláìsàn wò àti sísálámà mọ́ ẹ̀tọ́ tí Mùsùlùmí ní lára Mùsùlùmí. Adúà fún ẹni tí ó sín tí ó sì dúpẹ́ fún Ọlọ́hun wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́ fún ẹnìkan, gbèsè ni lọ́rùn ẹnìkejì. Olóore a máa yan ẹni tí yóò ṣe lóore àti ọjọ́ tí yóò ṣe é. Onígbèsè kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Òun ni yóò wá olówó lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ wúwo ni kò sì ní agbára láti wá sin gbèsè tirẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí a dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi pé ìbànújẹ́ rẹ̀ jẹ́ àìnígbàgbọ́. Al-Kùránì sọ fún wa pé ojú Ànábì Yaqub funfun nítorí ìbànújẹ́ lórí Yusuf, bẹ́ẹ̀ Ànábì Ọlọ́hun ni.

Nítorí náà, kí oṣù yìí tó parí, kí oníkálùkù wa ronú kan ẹnìkan tí ó ti pẹ́ tí a rí i gbẹ̀yìn, kí a sì lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ má lọ ṣe wáàsí fún un. Ẹ sálámà, ẹ jókòó, ẹ bi í bóyá ó ti jẹun, kí ẹ sì tẹ́tí sí i. Bí àìsàn náà bá ju agbára ìbẹ̀wò lọ, ẹ bá a dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, nítorí Ànábì pa á láṣẹ pé kí a máa wá ìwòsàn.

Kí Ọlọ́hun má ṣe jẹ́ kí a kú pẹ̀lú gbèsè ọmọ ìyá wa lọ́rùn. Àmín.