Ta Ló Gba Owó Àgbẹ̀?

Lọ́dún 1933, ìjọba Roosevelt ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún àwọn àgbẹ̀ kí wọ́n lè dín ohun tí wọ́n ń gbìn kù, torí owú ti kún ọjà débi pé ohun tí wọ́n ń rí lórí rẹ̀ kò tó owó iṣẹ́ mọ́. Èrò rere ni. Ṣùgbọ́n ní gúúsù orílẹ̀-èdè náà, ọwọ́ onílẹ̀ ni owó yìí ń bọ́ sí. Òun ló yẹ kó yọ ìpín àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ rẹ̀ fún wọn. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ kó gbogbo rẹ̀ sápò. Àwọn mìíràn tún lé àwọn aláìnílẹ̀ náà kúrò lóko, nígbà tí ilẹ̀ tí wọ́n ń ro ti dín kù. Lọ́dún 1934, ní ìpínlẹ̀ Arkansas, àwọn aláìnílẹ̀ dúdú àti funfun para pọ̀ dá ẹgbẹ́ Southern Tenant Farmers' Union sílẹ̀. Kí dúdú àti funfun jọ jókòó ìpàdé níbẹ̀ nígbà yẹn, ẹ̀mí ni wọ́n fi ń wewu.

Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé ìjọba kò ṣahun. Owó jáde lóòótọ́, ẹni tó tọ́ sí ni kò rí i.

Títí dòní ni Amẹ́ríkà ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́. Lọ́dún 2001, ẹgbẹ́ Environmental Working Group fi òfin òmìnira ìròyìn gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba, wọ́n sì gbé orúkọ àwọn tó gbowó àti iye tí oníkálùkù gbà sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó di 2006, ìwé ìròyìn Washington Post fi hàn pé láti ọdún 2000, ó lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là tó lọ sọ́wọ́ àwọn tí kì í dáko rárá. Àwọn kan nínú wọn kàn ra ilẹ̀ tí wọ́n ti ń gbin ìrẹsì tẹ́lẹ̀ ni, wọ́n kọ́lé sí i. Òfin fàyè gbà á. Ibi tí òfin bá sì ti fàyè gba ohun tí kò tọ́, ìwà ẹni nìkan ló kù tó lè dáni lẹ́kun.

Àwọn kan ní kò yẹ kí a máa pariwo owó ẹlòmíràn. N kò fojú kéré ọ̀rọ̀ wọn, torí àwa náà kì í ka orúkọ ẹni tí a fún lóúnjẹ síta. Àwọn àgbẹ̀ kan láti Hesse, ní Jámánì, pe ẹjọ́ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, ilé ẹjọ́ gíga Yúróòpù sì dá wọn láre lóṣù kọkànlá ọdún 2010, pé kò tọ́ láti tú orúkọ gbogbo ènìyàn tó gba owó ìrànwọ́ síta láìwo iye tí wọ́n gbà. Yúróòpù wá tún òfin rẹ̀ ṣe. Orúkọ padà síta, àfi ti àwọn tí ohun tí wọ́n gbà kéré, tí kò ju 1,250 yúrò lọ. Lójú tèmi, ìdájọ́ ọmọlúàbí nìyẹn. Àṣírí aláìní ló yẹ ká bò. Ẹni tó kó owó ńlá nínú owó orí ìlú kò lè ní ọ̀rọ̀ ilé òun ni.

Lóòótọ́, mímọ̀ nìkan kì í gba ẹ̀tọ́ padà. Onílẹ̀ Arkansas lágbára ju ẹni tó ń ro oko rẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹni tí kò mọ iye tó jáde, kí ni yóò béèrè?

Nàìjíríà náà ní òfin òmìnira ìròyìn láti ọdún 2011. Lọ́dún 2012, ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù ránṣẹ́ sí àgbẹ̀ kí ajílẹ̀ ẹ̀dínwó lè dé ọwọ́ rẹ̀ láìgba ọwọ́ alágbàtà. Ó dára, ṣùgbọ́n ti ẹnì kan ṣoṣo ni fóònù ń sọ. Kí àkọsílẹ̀ wà ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, lédè tí àwọn ará ibẹ̀ ń kà, pẹ̀lú iye àpò ajílẹ̀ àti ọjọ́ tí wọ́n kó o jáde, kí ìyá àgbẹ̀ kan ní Ìsẹ́yìn lè yà síbẹ̀ lọ́jọ́ ọjà, kó wò ó bóyá wọ́n ti kọ orúkọ òun mọ́ àwọn tó ti gbà.