"Ara Mi Ti Yá": Ìgbàgbọ́ Ni, Àbí Irọ́?

Ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Bí ara bá ń dun ènìyàn, tí a ti gbàdúrà fún un, tí ẹnì kan wá bi í pé, "Báwo ni ara?", tí ó sì dáhùn pé, "Ara mi ti yá," nígbà tí ó mọ̀ lọ́kàn ara rẹ̀ pé kò tíì yá, ṣé ìgbàgbọ́ ni ó sọ yẹn, àbí irọ́ ni ó pa? Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré. Ṣùgbọ́n láàárín àwa tí a ń gbé irin, ìdáhùn sí i lè ba orúnkún ènìyàn jẹ́ títí ayé.

Ọdún kẹta ni mo wà ní ẹ̀ka tí a ti ń kọ́ nípa eré ìdárayá àti ìlera ara, ní yunifásítì wa níhìn-ín ní òkè Ọya. Èmi náà máa ń gbé irin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èyí tí mo ń gbé kò tó èyí tí à ń fi yangàn. Arákùnrin kan wà tí a jọ ń lọ sí jíìmù, tí a sì jọ ń jọ́sìn. Ó gbà kí n sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, bí n kò bá ti dárúkọ rẹ̀. Ó lágbára jù mí lọ fíìfíì, wọ́n sì ti mú un mọ́ àwọn tí yóò lọ ìdíje kan. Ní sáà tó kọjá, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún nígbàkígbà tí ó bá gbé irin lé èjìká, tí ó lóṣòó, tí ó sì fẹ́ dìde. Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, a gbàdúrà fún un. Ìrora náà rọlẹ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ Àìkú, ó jẹ́rìí, gbogbo ilé pàtẹ́wọ́, a jó. Nígbà tí yóò fi di Ọjọ́bọ̀, ìrora ti padà.

Mo bá a lọ sọ́dọ̀ physio. Obìnrin náà ní kí ó fi nọ́ńbà sọ bí orúnkún náà ṣe ń dùn ún sí, láti òdo dé mẹ́wàá. Ó ní, "Òdo ni, ma." Ọwọ́ méjèèjì ni ó fi ti apá àga kí ó tó lè dìde. Nígbà tí a jáde, mo bi í léèrè ìdí tí ó fi sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ṣé kí n wá padà síwájú ìjọ, kí n ní Ọlọ́run tó wò mí sàn lọ́jọ́ Àìkú kò wò mí sàn mọ́?"

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a fi ìbéèrè rẹ̀ ṣẹ̀rín, nítorí ó wúwo. Wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wa pé onígbàgbọ́ kì í fi ẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn. Ọkùnrin arọ tó ń ṣagbe lẹ́nu ọ̀nà tẹ́ḿpìlì tí à ń pè ní Dáradára kò lọ sọ́dọ̀ physio kankan; ojú ẹsẹ̀ ló fò sókè. Mo gbà á gbọ́. Mo sì gbà pé Ọlọ́run lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún orúnkún lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọkùnrin náà dáadáa. Kò sí ẹni tó ní láti gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́. Gbogbo ènìyàn ló rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ yá ní tòótọ́ kì í fi ẹnu ṣọ́ ẹsẹ̀.

Ọkùnrin mìíràn wà nínú Bíbélì tí a kì í sábà wàásù nípa rẹ̀, afọ́jú ará Bẹtisáídà nínú ìwé Máàkù. Jésù gbé ọwọ́ lé e, ó sì bi í bóyá ó rí nǹkan. Ọkùnrin náà kò pọ́n Olúwa lé lórí irọ́. Ó sọ bó ṣe rí: òun ń rí ènìyàn, ṣùgbọ́n wọ́n dà bí igi tó ń rìn. Ìwòsàn ààbọ̀ ló ròyìn rẹ̀ lójú Ẹni tó ń wò ó sàn gan-an. Olúwa kò bá a wí pé kò ní ìgbàgbọ́. Ó gbé ọwọ́ lé e lẹ́ẹ̀kejì, ó sì wá ríran kedere. Bí ọkùnrin yẹn bá ti dáhùn pé òun ti ríran tán, ta ni yóò gbé ọwọ́ lé e lẹ́ẹ̀kejì?

Èrò mi ni pé a ti da ohun méjì pọ̀: ìrètí àti ìròyìn. "Ọlọ́run yóò wò mí sàn," ìrètí nìyẹn, mo sì lè kígbe rẹ̀ láti orí òkè. Ṣùgbọ́n nígbà tí physio bá bi mí pé mélòó ni, ìròyìn ni ó ń béèrè. Kò ní ojú tó ń wo inú orúnkún mi. Nọ́ńbà tí mo bá fún un ni yóò fi díwọ̀n irin tí yóò ní kí n gbé. Bí mo bá ní òdo, yóò fi kún un. Ẹni tó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́ ni mo ṣi lọ́nà, ara mi ni yóò sì san gbèsè rẹ̀. Bákan náà ni ẹni tó ń gbé oògùn apàrora mì kó lè gbé irin: ó ti pa ẹnu ara rẹ̀ mọ́ kó má bàa ròyìn.

Bí Ọlọ́run ṣe dá ara fúnra rẹ̀ kọ́ wa ní sùúrù. Bí iṣan bá ya, ibẹ̀ á kọ́kọ́ wú, á gbóná, fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni ara á fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kó fọ́nrán tuntun dí ibẹ̀, ṣùgbọ́n fọ́nrán wọ̀nyí á rí wúruwùru bí òwú tí ọmọdé tú ká. Apá kẹta ló pẹ́ jù, ó sì lè ju ọdún kan lọ: fọ́nrán á máa tò, á máa le, ẹrù tí a ń gbé díẹ̀díẹ̀ ni yóò sì máa fi ọ̀nà hàn wọ́n. Ní ti okùn tó so iṣan mọ́ eegun, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kò pọ̀ tó ti iṣan. Orúnkún bíi ti arákùnrin wa lè gba oṣù mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìrora sì sábà máa ń lọ kí okùn náà tó le. Nítorí náà, ẹ̀rí rẹ̀ ọjọ́ Àìkú kì í ṣe irọ́. Òótọ́ ọjọ́ yẹn ni. Ti Ọjọ́bọ̀ náà ní òótọ́ tirẹ̀.

Ẹnìkan lè ní gbígbára lé physio jẹ́ àìgba Ọlọ́run gbọ́. Hesekáyà ọba ti gba ìlérí ìwòsàn láti ẹnu wòlíì Àìsáyà, síbẹ̀ wòlíì náà ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ lé oówo rẹ̀, ọjọ́ kẹta ni wọ́n sì dá fún un láti gòkè lọ sí tẹ́ḿpìlì. Ìlérí wà, oògùn wà, ọjọ́ sì wà.

Irọ́ kejì tún wà tí kò yẹ kí n fò. Ìyẹn ni ti ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti ń le, tí ẹ̀rù ṣì ń bà á, tí ó ń sọ pé òun kò lè gbé nǹkan kan mọ́. Iṣan tí a kò lò máa ń joro. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Thomas DeLorme, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà tí òun fúnra rẹ̀ ti gbé irin lẹ́yìn àìsàn ní ìgbà èwe, bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí àwọn ọmọ ogun tó fara pa gbé irin tó wúwo, kí wọ́n sì máa fi kún un bí agbára wọn ṣe ń padà. Ó tẹ iṣẹ́ náà jáde ní 1945. Ìgbà mẹ́wàá lọ́nà mẹ́ta tí a ń ṣe ní jíìmù títí dòní, ọ̀nà rẹ̀ ló gbé e jáde. Ìranṣẹ́ tó ri tálẹ́ńtì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀rù ló bà á. Òótọ́ ara kì í ṣe "dúró" nígbà gbogbo. Ìgbà mìíràn wà tí ó jẹ́ "gbé e."

Ìgbà tí ó bá sì jẹ́ "dúró," kò ní ìtìjú nínú. Matthias Steiner gbé 258 kìlógíráàmù fún Jámánì ní Beijing ní 2008, ó sì gba wúrà. Ní London ní 2012, irin 196 kìlógíráàmù já lù ú lọ́rùn. Kò padà wá gbé ìyókù nínú ìdíje náà, nígbà tó sì di 2013 ó fi eré náà sílẹ̀. Ta ni yóò pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ọ̀lẹ? Àwọn àgbà wa ló ní alágbára má mèrò, baba ọ̀lẹ.

Arákùnrin wa padà lọ bá physio náà. Ó ní, "Ẹ má bínú, ma. Mẹ́fà ni, òdo kọ́." Obìnrin náà kò bá a jà. Ó mú irin kúrò lórí ètò rẹ̀, ó ní kí ó fẹ̀yìn ti ògiri, kí ó tẹ orúnkún, kí ó dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 45, lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ó sì máa kọ nọ́ńbà ìrora rẹ̀ sílẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Akọni wa ń gbọ̀n lára ògiri bí ẹni tí ọyẹ́ mú. Ìdíje náà yóò wáyé láìsí i. Ó dùn ún, kò sì fi pamọ́. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àárọ̀ ọjọ́ kejì ti di mẹ́ta.

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ yìí kan gbogbo ìjọ. A mọ bí a ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún ìwòsàn tó parí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ǹjẹ́ àyè wà láàárín wa fún ẹni tó fẹ́ sọ pé, "Ẹ ṣeun, ó ti dín kù, ṣùgbọ́n ó ṣì ń dùn mí"? Bí kò bá sí, àwa la ń kọ́ àwọn ará wa ní irọ́, tí a sì ń pè é ní ìgbàgbọ́. Ẹ jẹ́ kí a máa béèrè bí Olúwa ṣe béèrè ní Bẹtisáídà, kí a dúró gbọ́ ìdáhùn, kí ọwọ́ wa sì múra láti tún gbé lé ẹni náà lẹ́ẹ̀kejì. Kí Ọlọ́run tó ní sùúrù pẹ̀lú wa fún wa ní sùúrù pẹ̀lú ara tí Ó fún wa. Àmín.