Ṣé Àìnígbàgbọ́ ni Ìbànújẹ́ Aláìsàn?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a jọ rò. Bí ọwọ́ àgbàlagbà kan bá ń gbọ̀n lórí itan, tí ó ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, tí ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀, a máa ń kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru òtútù Jos. Nígbà tí ó bá pẹ́, àwọn kan á ní ayé ni ó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá wá ń sunkún, tí ó ń bẹ̀rù láti jáde, ẹjọ́ á yí padà: a ó ní ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni kò tó. Ǹjẹ́ ìdájọ́ yìí tọ́?

Dókítà James Parkinson kọ̀wé nípa àrùn gbígbọ̀n yìí ní London ní ọdún 1817, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pè é. Inú ọpọlọ ni ó wà. Àwọn ohun kéékèèké tí ń pèsè èròjà tí a ń pè ní dopamine á máa kú díẹ̀díẹ̀. Èròjà yìí ni ó ń jẹ́ kí ara gbọ́ràn sí wa lẹ́nu, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà ni ó sì ń gbé inú dídùn àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ró. Nítorí náà ìbànújẹ́ àti àìbalẹ̀-ọkàn lè jẹ́ ara àrùn náà gan-an. Nínú ẹlòmíràn, wọ́n tilẹ̀ máa ń ṣáájú ọwọ́ gbígbọ̀n ní ọdún púpọ̀. Bí ẹ̀rù bá sì ba aláìsàn, ọwọ́ á túbọ̀ gbọ̀n. Bí ọwọ́ bá gbọ̀n lójú àwùjọ, ìtìjú á tún dá kún ẹ̀rù.

Ní ọdún 2023, àwọn onímọ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Njideka Okubadejo ti Yunifásítì Èkó wà lára wọn, fi hàn pé ohun àbínibí kan wà láàrin àwa adúláwọ̀ tí ó ń dá kún ewu àrùn yìí. Kò sí èpè nínú èyí.

Yorùbá ní ojú ni ọ̀rọ̀ wà. Níbi àrùn yìí, ojú kì í sọ òtítọ́. Iṣan ojú á le, ẹni tí inú rẹ̀ dùn kò ní lè rẹ́rìn-ín, àwa ó sì rò pé ó ń bínú. Ẹ rántí Muhammad Ali, Mùsùlùmí akànṣẹ́ tí ó wá sí Nàìjíríà ní 1964. Ní 1984 ni wọ́n rí àrùn yìí lára rẹ̀. Ní 1996, pẹ̀lú ọwọ́ tí ń gbọ̀n, ó tan iná Òlíḿpíìkì ní Atlanta lójú gbogbo ayé. Ta ni yóò ní ẹ̀rù ni ó ń bà á? Bí a kò bá lè fi ojú mọ inú, báwo ni a ṣe fẹ́ fi ojú wọn ìgbàgbọ́? Ànábì Yaakub sunkún Yusuf títí ojú rẹ̀ fi fọ́, ẹkún náà kò sì sọ ọ́ di aláìnígbàgbọ́.

Ẹnìkan lè ní bí a bá gba aláìsàn láyè láti banú jẹ́, a ti kọ́ ọ láti sọ ìrètí nù. Kò rí bẹ́ẹ̀. A kì í bá ẹni tí ibà ń ṣe jà nítorí pé ara rẹ̀ gbóná, síbẹ̀ a kì í fi ibà náà sílẹ̀ láìtọ́jú. Oògùn levodopa wà tí ń dín gbígbọ̀n àti líle ara kù, bí kò tilẹ̀ lè mú àrùn náà kúrò. Ìtọ́jú sì wà fún ìbànújẹ́ pẹ̀lú. Bí a bá mú bàbá tàbí ìyá wa lọ sí ilé-ìwòsàn, ẹ jẹ́ kí dókítà gbọ́ méjèèjì, kí a má sọ ti ọwọ́ nìkan.

Sùúrù tí a ń béèrè lọ́wọ́ aláìsàn, ara tiwa ni ó yẹ kí a ti kọ́kọ́ rí i. Ẹ dúró kí ó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ fún un ní àga nígbà ìrun. Ẹ má fi í pamọ́ sí yàrá lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní ìlera, kí Ó sì fún àwa tí ara wa le ní ojú àánú. Àmín.