Ẹni tí ó ń bá Aago Sáré nínú Ọyẹ́

Òwe kan wà tí a máa ń pa púpọ̀ láàrin àwa tí a fi ilé sílẹ̀ wá sí Òkè Ọya: ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Òun ni a fi ń ki ara wa láyà nígbà tí ọjà kò bá tà, òun ni a sì fi ń ti ọmọ wa lẹ́yìn nígbà tí ìdánwò bá le. Òwe náà dára ní àyè tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a bi ara wa léèrè bóyá gbogbo ibi tí a ń lò ó ni àyè rẹ̀. Ṣé gbogbo ìfaradà ni ó jẹ́ ìwà rere? Ṣé ọ̀lẹ ni ẹni tí ó dúró ní àárín ọ̀nà, ní gbogbo ìgbà? Kí a lè wo ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ láti inú eré kan tí gbogbo wa mọ ohun èlò rẹ̀, bí a kò tilẹ̀ mọ òfin rẹ̀: eré kẹ̀kẹ́ ológeere tí a ń fi aago wọ̀n.

Nínú eré kẹ̀kẹ́ tí ó wọ́pọ̀, gbogbo àwọn tí ó ń díje ni ó jọ ń gbéra, ẹni tí ó wà lẹ́yìn a sì máa fi ẹni iwájú ṣe ààbò kúrò lọ́wọ́ afẹ́fẹ́. Ti aago kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń tú wọn sílẹ̀, pẹ̀lú ìṣẹ́jú kan tàbí méjì láàrin wọn. Bí ẹnì kan bá lé ẹni iwájú rẹ̀ bá, ó gbọ́dọ̀ kọjá lọ ni. Kò gbọdọ̀ fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀. Láti ọdún 1895 ni irú eré yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òmíràn kò ju kìlómítà 40 lọ. Òmíràn jẹ́ ti wákàtí 12 tàbí 24, tí a óò sì ka iye ọ̀nà tí olúkúlùkù rìn kí àkókò tó pé. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, a ṣe ìdíje àgbáyé rẹ̀ ní Kigali ní ilẹ̀ Rwanda, èyí tí í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Remco Evenepoel, ará Bẹ́ljíọ̀mù, ni ó gba ipò kìíní láàrin àwọn ọkùnrin. Lórí àwọn òkè ìlú náà ni ó ti lé Tadej Pogačar, ẹni tí ó gbéra ṣáájú rẹ̀, bá, tí ó sì kọjá rẹ̀.

Kò sí eré tí ó jọ ayé àjò tó èyí. Lágbájá bá ọkọ̀ ojú irin dé Kaduna láti Ọ̀fà ní ìgbà tí ọjà ń tà wàràwàrà. Tàmẹ̀dò dé lẹ́yìn ogún ọdún, nígbà tí nǹkan ti yí padà. A kò jọ gbéra, a kò sì jọ rí ojú ọjọ́ kan náà. Síbẹ̀ àwọn ará ilé mú aago kan ṣoṣo dání fún gbogbo wa. Wọn a ní, ‘Ọdún mélòó ni ó ti lò níbẹ̀? Ilé mélòó ni ó ti kọ́?’

Ẹ wo ọ̀nà láti Kaduna lọ sí Zaria, tí ó gba Kawo kọjá, tí ó sì tó bíi kìlómítà 80. Láti oṣù kọkànlá títí di oṣù kejì, láti ìhà àríwá òun ìlà-oòrùn ni ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Ó ń gbé eruku aṣálẹ̀ bọ̀, púpọ̀ nínú rẹ̀ láti ilẹ̀ Bodélé ní orílẹ̀-èdè Ṣáàdì. Ètè a bẹ́, ọ̀nà ọ̀fun a gbẹ, ojú a sì máa ta. Ojú ni ẹni tí ó bá gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Zaria ní àkókò náà yóò fi gbà á. Ìgbà tí ó bá ń bọ̀ ni ọyẹ́ tó ń tì í lẹ́yìn. Ẹni tí kò bá rò ó jinlẹ̀ yóò wí pé ohun tí afẹ́fẹ́ gbà ní àlọ, yóò san án padà ní àbọ̀.

Kò rí bẹ́ẹ̀, ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Ká ní ẹnì kan lè sá kìlómítà 40 ní wákàtí kan nígbà tí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́. Bí àlọ bá jẹ́ 20, tí àbọ̀ sì jẹ́ 20, ìṣẹ́jú 60 ni yóò lò. Ọyẹ́ wá dé, ó dín eré rẹ̀ kù sí 30 ní àlọ, ó sì sọ ọ́ di 50 ní àbọ̀. Àlọ yóò gba ìṣẹ́jú 40, àbọ̀ yóò gba 24, àpapọ̀ rẹ̀ yóò sì jẹ́ 64. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ti lọ, bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin náà kò ṣe ọ̀lẹ rárá. Ìdí rẹ̀ ni pé àkókò tí ó lò nínú ìyà pọ̀ ju èyí tí ó lò nínú ìrọ̀rùn lọ. Ohun tí afẹ́fẹ́ bá gbà, kì í san án tán.

Nítorí náà, kí a tó fi aago dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́, ó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè afẹ́fẹ́ tí ó fẹ́ lù ú. Àwọn kan wà láàrin wa tí ọjà wọn jóná nínú rògbòdìyàn ọdún 2000. Àwọn kan wà tí ó jẹ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ aṣọ ni oníbàárà wọn. Kaduna Textiles ti ìlẹ̀kùn ní ọdún 2002, United Nigerian Textiles sì tì í ní ọdún 2007. Bí ọdún mẹ́wàá dídára tilẹ̀ tẹ̀lé e, ọdún mẹ́wàá náà kò lè dá gbogbo rẹ̀ padà. Ẹni tí ó padà dé ibi tí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ti ṣe ju ohun tí ojú ń rí lọ.

A kò sọ èyí láti fi tẹ́ńbẹ́lú ìfaradà. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹsàn-án ọdún 1967, Beryl Burton, obìnrin kan ní Yorkshire tí ó máa ń ṣiṣẹ́ oko, gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí 12, ó sì rin máìlì 277.25, èyí tí ó tó bíi kìlómítà 446. Mike McNamara ti gbéra ṣáájú rẹ̀. Òun náà rìn jìnnà lọ́jọ́ náà ju bí ọkùnrin kankan ti rìn rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, síbẹ̀ obìnrin náà lé e bá. Bí ó ti ń kọjá, ó na súìtì kan sí i, ọkùnrin náà sì gbà á. Ó di ọdún 1969 kí ọkùnrin kan tó kọjá iye tí obìnrin yìí rìn. Ó sì di ọdún 2017 kí obìnrin mìíràn tó kọjá a. Irú ìfaradà yìí ni a ń yìn, èyí tí a fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ara, tí kò sì di ojú ènìyàn sí ẹni tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ìhà kejì. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 1960, ní bíi ọ̀sẹ̀ márùn-ún ṣáájú òmìnira ilẹ̀ wa, a ń ṣe eré Òlíḿpíìkì ní ìlú Róòmù. Eré kẹ̀kẹ́ ti aago kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ kìlómítà 100, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin-mẹ́rin ni ó sì ń sá a. Àkókò ẹnì kẹta tí ó bá dé ni a ń kà fún ẹgbẹ́. Ìtumọ̀ èyí ni pé ẹgbẹ́ lè pàdánù ẹnì kan, kò lè pàdánù ẹni méjì. Ooru ọjọ́ náà tó bíi ìwọ̀n 40, ó ju èyí tí a sábà ń rí ní Kaduna ní oṣù kẹrin lọ. Ọ̀kan nínú àwọn ará Dẹ́nmáàkì ti sọ̀kalẹ̀ nítorí oòrùn, ó ku mẹ́ta. Nígbà náà ni Knud Enemark Jensen, ọmọ ọdún 23, wí pé òòyì ń kọ́ òun. Bí òun náà bá sọ̀kalẹ̀, iṣẹ́ gbogbo wọn di asán. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjèèjì sún mọ́ ọn, wọ́n dì í mú lórí kẹ̀kẹ́, a sì da omi sí i lára. Ó dà bí ẹni pé ara rẹ̀ ti balẹ̀, wọ́n sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ṣubú lulẹ̀, agbárí rẹ̀ fọ́, ó sì kú lọ́jọ́ náà. A ti sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa oògùn lórí ikú yìí, ìyẹn kò sì tán nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò jiyàn ooru ọjọ́ náà.

A kò ní dá àwọn ẹlẹgbẹ́ náà lẹ́bi. Wọn kò kórìíra rẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá. Nígbà tí arákùnrin wa bá ń ta gọ́ọ̀gọ́ọ̀, tí a sì sáré dì í mú, ṣé nítorí tirẹ̀ ni, tàbí nítorí pé a kò fẹ́ kí iye wa dín? Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú ń retí owó àdájọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹbí ń retí owó ilé-ìwé. Àwọn ọ̀rẹ́ ti ra aṣọ ẹbí tí òun náà gbọ́dọ̀ rà. Gbogbo wa ń pariwo pé, ‘Ọkùnrin ni ọ́, má jẹ́ kí ojú tì wá,’ a sì ń da omi díẹ̀ sí i lára kí ó lè tún máa lọ. Ó ń yá owó èlé san owó èlé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kò sì sọ fún ẹnìkan. Lọ́jọ́ tí a bá jọ̀wọ́ rẹ̀, a óò ní a kò mọ̀.

Ẹlòmíràn yóò wí pé: bí a bá fi àyè sílẹ̀ fún ìdúró, gbogbo ọ̀lẹ ni yóò rí àwáwí. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò ṣòro láti mọ ìyàtọ̀. Ọ̀lẹ a máa dúró kí afẹ́fẹ́ tó fẹ́ kàn án, inú rẹ̀ a sì máa dùn pé òun dúró. Ẹni tí agbára rẹ̀ tán ti rìn jìnnà kí ó tó dúró, ó sì ń dùn ún. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi í ni pé: kí ni ìrìn-àjò yìí wà fún? Bí ó bá jẹ́ pé láti bọ́ ìyàwó àti ọmọ ni ó fi wá sí Kaduna, ọjọ́ tí àjò bá fẹ́ sọ ìyàwó di opó ni ó ti yẹ kí a yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ padà. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà.

Ní ti ẹ̀sín, inú ìwà ni ó ń gbé, kì í gbé inú òfò. Ẹni tí ó jalè, ẹni tí ó da ọ̀rẹ́, ẹni tí ó jẹ owó ọmọ òrukàn, irú wọn ni òwe náà ń bá wí. Kò bá ẹni tí ọjà rẹ̀ kò tà wí. Nígbà tí Ese Ukpeseraye, ọmọ ilẹ̀ wa, díje nínú eré kẹ̀kẹ́ Òlíḿpíìkì ní Paris ní ọdún 2024, kẹ̀kẹ́ tí ó yá lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì ni ó gùn nínú eré orí pápá. Kò fi pamọ́. Ó sọ ọ́ ní gbangba, ó sì dúpẹ́. Bí ẹni tí ó lọ ṣojú orílẹ̀-èdè kò bá tijú láti sọ pé òun yá kẹ̀kẹ́, kí ló dé tí oníṣòwò yóò fi tijú láti sọ pé ọwọ́ òun kò dẹ̀?

Ìmọ̀ràn wa, nígbà náà, kò ju méjì lọ. Kí ẹni tí ó bá lè máa wa kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ máa wà á, kí ó má sì fi aago ẹlòmíràn wọn ara rẹ̀. Kí àwa tí a ń wòran sì kọ́ láti béèrè pé, ‘Báwo ni ara rẹ?’ kí a tó béèrè pé, ‘Mélòó ni o ti rí?’ Bí ẹnì kan bá dáhùn pé òòyì ń kọ́ òun, kí a ràn án lọ́wọ́ láti sọ̀kalẹ̀, kí a gbé e sí abẹ́ ibòji, kí a sì gbé ìwọ̀n ẹrù rẹ̀ tí a bá lè gbé. Àjò kì í dùn kí a má relé. Ẹni tí ó bá fi ọwọ́ òfo délé láàyè, ilé náà ni ó dé.