Àwọn Tí Kò Rékọjá Jọ́dánì

Ẹ ka Deuterónómì 34:1–6 àti Hébérù 11:39–40.

Ẹ̀yin ará wa ọ̀wọ́n nínú Olúwa, ta ni yóò ka ìtàn ikú Mósè tí àánú rẹ̀ kò ní ṣe é? Ogójì ọdún ni ó fi kó Ísírẹ́lì la aginjù já. Ó gbọ́ ìkùnsínú wọn, ó bẹ̀bẹ̀ fún wọn, ó sì ru ẹrù wọn. Ní ìkẹyìn ó gun Òkè Nébò, ó fi ojú rí ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tẹ̀ ẹ́. Jóṣúà ni ó kó àwọn ènìyàn náà rékọjá odò. Bí a bá fi ojú ènìyàn nìkan wò ó, a ó wí pé ẹlòmíràn ni ó jẹ èrè iṣẹ́ Mósè.

Ní oṣù yìí, a fẹ́ kí ẹ bá wa wo ọ̀rọ̀ yìí nínú ìgbésí ayé àwọn kan tí wọ́n fi eré bésíbọ́ọ̀lù ṣe iṣẹ́ oòjọ́ wọn ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Eré náà kò wọ́pọ̀ láàrin wa. Ẹnì kan a máa ju bọ́ọ̀lù kékeré kan tí ó le; ẹnì kejì a fi ọ̀pá gbá a, a sì sáré; ẹnì kẹta a lóṣòó sẹ́yìn ẹni tí ń gbá a, láti hán bọ́ọ̀lù tí ó bá kọjá. Eré ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọn ará Amẹ́ríkà fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, ohun tí ó sì ṣẹlẹ̀ ní pápá rẹ̀ fi ọkàn ènìyàn hàn.

Ní ọdún 1884, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Moses Fleetwood Walker, ẹni tí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Oberlin, bá ẹgbẹ́ ìlú Toledo ṣeré nínú ọ̀kan nínú àwọn líìgì àgbà. Ẹ kíyèsí orúkọ rẹ̀: Mósè ni. Ní ọdún 1887, àwọn alákòóso líìgì mìíràn dìbò pé àwọn kì yóò tún gba ènìyàn dúdú mọ́. Ní ti àwọn líìgì àgbà, wọn kò kọ òfin kankan sínú ìwé. Wọ́n kàn fi ojú bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọ́n sì dákẹ́. Ìdákẹ́ náà lé ní ọgọ́ta ọdún. Bí a bá bi ẹnikẹ́ni nínú wọn léèrè, yóò dáhùn pé kò sí òfin tí ó lé ènìyàn dúdú jáde. Òótọ́ ni ó sọ; ẹ̀ṣẹ̀ ni ó sì dá.

Nígbà tí ilẹ̀kùn sé, àwọn tí a sé e mọ́ kò ká ọwọ́ gbera. Ní oṣù Kejì ọdún 1920, Rube Foster, ọmọ oníwàásù láti ìpínlẹ̀ Texas, pe àwọn olórí ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú jọ ní ìlú Kansas City. Wọ́n dá líìgì tiwọn sílẹ̀, ẹgbẹ́ mẹ́jọ ni ó sì kọ́kọ́ wà nínú rẹ̀. Foster ṣe làálàá lórí iṣẹ́ yìí títí àìsàn ọpọlọ fi kọlù ú ní ọdún 1926; ó kú ní ọdún 1930. Kò rí ọjọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Josh Gibson, tí a bí ní ìpínlẹ̀ Georgia ní ọdún 1911, tí ó sì ṣeré fún àwọn ẹgbẹ́ Homestead Grays àti Pittsburgh Crawfords. Ní ọdún 1930, nígbà tí kò tí ì pé ọmọ ọdún 19, ìyàwó rẹ̀ kú níbi tí ó ti ń bí ìbejì fún un. Ó sin ìyàwó rẹ̀, ó sì padà sí pápá. Agbára tí ó fi ń gbá bọ́ọ̀lù jẹ́ ìyanu lójú gbogbo ẹni tí ó rí i. A kò ní pè é ní ẹni mímọ́: ní àwọn ọdún ìkẹyìn rẹ̀, ọtí jọba lórí rẹ̀, àìsàn sì ń bá orí rẹ̀ jà. Ó kú ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 1947, ní ọmọ ọdún 35. Títí di ọdún 1975, kò sí òkúta ìrántí kankan lórí ibojì rẹ̀.

Ẹ̀yin ará, ẹ ka àwọn ọjọ́ náà pẹ̀lú wa. Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹrin ọdún 1947 kan náà, kí oṣù mẹ́ta tó pé lẹ́yìn ikú Gibson, Jackie Robinson wọ pápá fún ẹgbẹ́ Brooklyn Dodgers, ilẹ̀kùn sì ṣí. Branch Rickey, alákòóso ẹgbẹ́ náà, ẹni tí í ṣe ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ti pè é sọ́dọ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1945, ó sì béèrè bóyá ó ní ìgboyà tó láti gba èébú láìsan án padà fún ìgbà kan. Robinson gbà. Wọ́n bú u, wọ́n sì halẹ̀ ikú mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó fi ara dà á. Nígbà tí àkókò ìdákẹ́ náà kọjá, ó la ẹnu rẹ̀ sí ìwà ìrẹ́jẹ títí ó fi kú ní ọdún 1972.

Nítorí náà, ìdákẹ́ méjì ni ó wà. Robinson dákẹ́ kí ó lè ru ẹrù àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn alákòóso dákẹ́ kí ẹrù lè wà ní orí ẹlòmíràn. Kí olúkúlùkù wa yẹ ara rẹ̀ wò, irú èwo ni tirẹ̀.

Níbo ni Robinson ti wá? Ní ọdún 1945, ẹgbẹ́ Kansas City Monarchs ni ó ń bá ṣeré, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ mẹ́jọ tí Foster kó jọ ní ọdún 1920. Ẹni tí ó rékọjá odò, ní ilé tí ẹni tí kò rékọjá kọ́ ni ó ti jáde wá. Ohun tí òǹkọ̀wé sí àwọn Hébérù kọ́ wa nìyí: pé a kò lè sọ àwọn tí ó ṣáájú wa di pípé láìsí wa. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó wọ ilẹ̀ náà kò wọ ọ́ fún ara rẹ̀ nìkan.

Ẹnì kan tún wà tí ó yẹ kí a mẹ́nu kàn, èyíinì ni Buck O'Neil, ará Monarchs kan náà. Ní ọdún 2006, ìgbìmọ̀ kan yan ènìyàn 17 láti inú ìtàn bésíbọ́ọ̀lù àwọn aláwọ̀ dúdú sínú Ilé Ìrántí tí ó wà ní Cooperstown. Orúkọ O'Neil wà níwájú wọn, ṣùgbọ́n wọn kò yàn án. Àwọn 17 náà ti kú tán, ẹni tí yóò sọ̀rọ̀ fún wọn ni a sì ń wá. Bàbá arúgbó ẹni ọdún 94 yìí dìde, ó sọ̀rọ̀ ìyìn fún wọn, ó ní kí gbogbo ènìyàn di ọwọ́ ara wọn mú, ó sì mú wọn kọrin ìfẹ́ Ọlọ́run. Ní oṣù Kẹwàá ọdún náà ni ó kú. Ọdún 2022 ni a tó gba òun náà sínú ilé náà. Ta ni nínú wa tí ó lè yọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí a fo orúkọ rẹ̀ dá?

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn alákòóso eré náà ka iṣẹ́ àwọn tí ó ṣeré nínú líìgì aláwọ̀ dúdú láti ọdún 1920 sí 1948 mọ́ ti líìgì àgbà. Àwọn tí ọ̀ràn náà kàn lé ní 2,300. Nígbà tí a ṣírò rẹ̀ tán, Josh Gibson, tí ibojì rẹ̀ kò ní òkúta tẹ́lẹ̀, ni ó wà lókè gbogbo wọn: bí a bá fi ẹgbẹ̀rún ṣe ìwọ̀n, 372 ni ìgbá rere tirẹ̀, nígbà tí Ty Cobb, tí ó ti wà lókè láti ọjọ́ pípẹ́, ní 367. Àwọn bàbá wa wí pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe yára yọ̀. Ìwé lè dá orúkọ padà. Kò lè dá ọdún padà. Mósè kò wọ Kénáánì nítorí ìdájọ́ Ọlọ́run. Ní ti Gibson, ènìyàn ni ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, kò sì sí ẹni tí ó gbọdọ̀ pe ìyẹn ní ìfẹ́ Ọlọ́run.

Kí ni a ó wá ṣe? Èkíní, ìwọ tí a ti ilẹ̀kùn mọ́, má ṣe fi iṣẹ́ rẹ sílẹ̀; Ẹni tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ sin Mósè kò gbàgbé ibojì kankan. Èkejì, ìwọ tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ, ìbáà ṣe ti ilé-ìwé, ìbáà ṣe ti ìgbìmọ̀ ìjọ, má ṣe wí pé kò sí òfin. Ṣí i kí ẹni tí ń kànkùn tó kú. Ẹ̀kẹta, ìwọ tí o ti wọlé, ẹni tí ó mọ inú rò ni ó mọ ọpẹ́ dá. Nínú ìjọ wa gbogbo, àwọn olùkọ́ àti akéde wà tí wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́tà àkọ́kọ́ lábẹ́ igi, tí wọn kò sì wà láàyè láti rí ilé-ìwé tí a kọ́ sí ibẹ̀. Ẹ wá orúkọ wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí àwọn náà tó lọ. Ẹ kọ wọ́n sínú ìwé ìjọ, kí ẹ sì dá wọn ní orúkọ nínú àdúrà ní Ọjọ́ Gbogbo Ènìyàn Mímọ́.

Kí Olúwa, ẹni tí ìwé rẹ̀ kò fo orúkọ ẹnikẹ́ni dá, kí ó kà wá mọ́ àwọn olóòótọ́ rẹ̀, nípasẹ̀ Jésù Kristi Olúwa wa. Àmín.