Ìlù Tí A Fi Kọ́ Ògiri



Àwọn àgbà ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tó ti fín sílẹ̀ kò lè parun. Ọ̀rọ̀ yìí ni a máa ń fi tu ọmọ olóògbé nínú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà bi ara wa: ṣé kí igbá má parun nìkan ló tó? Igbá tó wà lódindi lórí àjà, tí ẹnikẹ́ni kò fi bu omi mu, ṣé onírèsé ṣì wà nínú rẹ̀?

Ikú ọ̀kan nínú wa ní Padova, ní àríwá Ítálì, ló mú wa ronú sí i. Baba ọlọ́mọ mẹ́ta ni. Bí òpin ọ̀sẹ̀ bá dé, yóò gbé gángan rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí ibi tí a bá ti ń ṣọdún, títí dé Torino. Láràárọ̀, kí àwọn ọmọ tó lọ sí ilé ìwé, yóò fi ìka rọra lu ìlù náà nítorí àwọn tó ń gbé lókè, yóò sì fi ki wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Àwọn ọmọ tí a bí sí Ítálì yìí gbọ́ oríkì wọn lórí awọ kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

Nígbà tó kú, àkọ́bí ní kí a gbé ìlù náà kọ́ ara ògiri, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án mọ́. Àbíkẹ́yìn ní òun fẹ́ máa lù ú, bẹ́ẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n lù. Ìyá wọn bi wá. Àkọ́bí ni a gbè lẹ́yìn. A ní ọ̀wọ̀ baba ni. Ọdún kan lẹ́yìn náà, a péjọ láti rántí rẹ̀, a sì gbé ìlù náà sọ̀ kalẹ̀. Ooru ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru nígbà òtútù ti gbẹ awọ rẹ̀, ọṣán mélòó kan ti já. A fẹ́ fi pe orúkọ baba, kò fọhùn. Ojú tì wá.

Láàárín Torino àti Padova ni ìlú Cremona wà. Ibẹ̀ ni Antonio Stradivari ti ń ṣe violin, ìbátan gòjé wa, títí ó fi kú ní 1737. Baba ọlọ́mọ ni òun náà: ìyàwó rẹ̀ àkọ́kọ́ bí ọmọ mẹ́fà, nígbà tí ìyẹn kú, ó fẹ́ òmíràn, ó bí márùn-ún. Francesco àti Omobono, ọmọ rẹ̀, bá a ṣiṣẹ́ nínú ilé. Paolo ní tirẹ̀ di oníṣòwò aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ sì ni ogún iṣẹ́ náà bọ́ sí níkẹyìn. Kò gbé e kọ́ ògiri. Ní 1775, ìdílé náà tà á fún Cozio, ìjòyè kan ní Piemonte, agbègbè tí Torino jẹ́ olú ìlú rẹ̀, ẹni tó mọ iyì rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni iṣẹ́ baba ń pè, ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ ló lè wá ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀.

Ibojì Stradivari kò sí mọ́: ní 1869 ni wọ́n wó ilé ìjọsìn San Domenico tí wọ́n sin ín sí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló kù, ọ̀nà méjì ni wọ́n sì gbà ń tọ́jú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní Mèsáyà, tó ṣe ní 1716, wà nínú àpótí dígí ní Oxford, ó ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣe é, ó sì dákẹ́. Àwọn tó wà ní Museo del Violino ní Cremona, àwọn tó mọ̀ ọ́n ta máa ń ta wọ́n déédéé kí ohùn wọn má bàa kú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2019, nígbà tí wọ́n fẹ́ gba ohùn náà sílẹ̀, wọ́n dí òpópónà ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀, olórí ìlú sì bẹ aráàlú kí wọ́n rọra. Odidi ìlú ń dákẹ́ kí ẹni tí kò ní ibojì mọ́ lè fọhùn!

Ẹnìkan lè sọ pé lílò ní í gbó nǹkan. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ jù lọ violin Stradivari ni wọ́n ti pààrọ̀ ọrùn àti okùn rẹ̀, tiẹ̀ náà ni wọ́n ṣì ń pè é. Ìlù náà ńkọ́? Awọ ni à ń pààrọ̀, igi ìlù wà níbẹ̀. Ẹ wo ẹ̀kú Egúngún: lọ́dọọdún ni à ń fi aṣọ tuntun kún un, síbẹ̀ baba náà ni. A kò bú àwọn ará Oxford. Ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́ nílò àpẹẹrẹ tí ọwọ́ kò tíì yí padà. Ṣùgbọ́n baba ọlọ́mọ kì í ṣe àpẹẹrẹ lásán. Ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ lórúkọ láràárọ̀ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ yìí gba ohun tí kì í ṣe tiyín. Ohun mìíràn wà tí a ti ṣe ètùtù sí, tó ní ẹni tó lè fọwọ́ kàn án. Ẹ bi àgbà kí ẹ tó gbé e. Ṣùgbọ́n èyí tó bá tọ́ sí yín, ẹ lò ó.

A ti bo ìlù náà ní awọ tuntun. Àbíkẹ́yìn ń kọ́ ọ, kò sì tíì dùn. Lọ́jọ́ kan ó gbìyànjú láti fi ki ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ṣì í lù lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́bí tó ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án ló dáhùn pé, “Mo gbọ́ o.”

Kí Àyàn gbè wá. Àṣẹ.